Ìwé Ìwọ̀n Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lórí Tábìlì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí ní Inísà.

Ó ti rẹ̀ mí. Inú ìwé kan ni mò ń kọ orúkọ àti ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí. Mo lọ kó ẹ̀yinná sínú áyọ́ọ̀nù. Kí n tó padà, obìnrin oníbàárà kan ti ṣí ìwé náà lórí tábìlì. Ó rí i pé ìbàdí àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ ti fi íǹṣì méjì tóbi ju ti ìwọ̀n àkọ́kọ́ lọ. Ó ní oyún ni. Ìgbéyàwó dàrú. Bẹ́ẹ̀, orí súwẹ́tà ni mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì nítorí ọyẹ́!

Mo ti ti ìwé náà mọ́ àpótí báyìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo bá na téèpù sí ló ń fa ikùn mọ́ra, aṣọ wọn ò sì gbà wọ́n mọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni mo lè sọ tí wọ́n á fi tún mí kanlẹ̀ níwájú mi?