Ẹdé àti Kiréfíìṣì

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí. Láti Sátidé ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń tú ikùn ẹja tí ẹ bá rà ní ọjà Alákijà, kí Mọ́mì tó gbé e kaná? Ẹ ó kọ ohun tí ẹja náà jẹ sínú ìwé yín. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe létí òkun nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, orúkọ tí apẹja bá sì pe nǹkan gan-an lẹ máa ń kọ. Ìwé yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo kó orúkọ àwọn ẹ̀dá inú òkun wa sínú kọ̀ǹpútà, mo sì fa ìlà láti ara ohun tí wọ́n ń jẹ dé ara ẹ̀dá tó ń jẹ ẹ́. Bí a bá yọ ẹ̀dá kan kúrò, ìlà tó bá já ló máa fi ẹja tí ebi máa pa hàn wá. Mo wá sọ fún ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pé bí ọkọ̀ apẹja ńlá bá kó ẹdé tán, kiréfíìṣì ṣì wà tí ẹja máa rí jẹ. Ọ̀rọ̀ mi yìí ni wọ́n fẹ́ gùn lé láti fún àwọn ọkọ̀ náà ní ìwé àṣẹ lọ́la.

Mọ́mì ló rí àwòrán àwọn ìlà náà lórí tábìlì mi ní Sátidé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí léèrè ìdí tí mo fi kọ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí ìwé yín wò. Àwọn apẹja Ìlàjẹ pè é ní ẹdé, àwọn tó kù pè é ní kiréfíìṣì, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é, èmi ọ̀mọ̀wé sì sọ ọ́ di méjì. Èmi tí mò ń jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ láti kékeré! Dádì, kò sí nǹkan mìíràn tí àwọn ẹja yẹn máa jẹ.

Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lè ní ìwé yín ò ṣeé gbára lé. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Kí ló dé tí mi ò jókòó tì yín kà á nígbà tí ẹ wà láyé?

Mo ti tún àwòrán náà yà, mo sọ méjèèjì di ọ̀kan. Nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò, ìlà já káàkiri. Mi ò fọwọ́ kan ohun tí ẹ kọ. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo sì kọ orúkọ mi sí i. Láàárọ̀ ọ̀la ni mo máa gbé e lọ fún ọ̀gá wa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ìgbì bá ń bọ̀, ẹ máa ń di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ta ló máa dì í mú lọ́la?

Èmi ni,
Ọmọ yín tó ṣì ń tú ikùn ẹja wò kó tó sè é.