Aṣọ Abáfẹ́fẹ́rìn

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá, 2025
Wọ́n fẹ́ fi ìwé ìtàn aláwòrán tí Ismaheel àdúgbò wa kọ ṣe fíìmù. Abáfẹ́fẹ́rìn — ọmọbìnrin tó ń fò láti orí òkè kan dé èkejì, tó ń gba àwọn tí wọ́n jí gbé sílẹ̀. Gbogbo Ṣakí ló ń kà á lórí fóònù. Olùdarí fíìmù ti dé láti Ìbàdàn, ó ń wá ẹni tó máa ṣe ọmọbìnrin náà. Ìyá Kámẹ́rà ni mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pa, mo lọ dán an wò. A pọ̀ bí eéṣú. Wọ́n ní ká gun àpáta, ká pàṣẹ fún ìjì. Àwọn yòókù ń pariwo. Èmi rọra sọ ọ́. Ìyá Kámẹ́rà ní kí n tún un sọ. Dúróríkẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti Ogbooro, gbá mi mọ́ra — ó ní tèmi ni.

Ọjọ́ Ajé, 10
Èmi ni. Èmi, Mujeebat.

Ọjọ́bọ̀, 13
Wọ́n fi aṣọ hàn mí. Ó fún bí awọ ara, kò dé orúnkún, kò lápá. Ojú Àgbà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Bàbá mi, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Kí ni wọn ò ní sọ sí i létí?

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo sọ fún Ìyá Kámẹ́rà pé mi ò ṣe mọ́, bàbá mi ò gbà. Ó ní ṣé kí òun lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má ṣe ìyọnu. Irọ́. Mi ò tíì bá Àgbà sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Dúróríkẹ́ ni wọ́n mú. Ó pè mí kó tó gbà á. Mo ní kó gbà á. Mo sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Dúróríkẹ́ yà kí mi. Ṣòkòtò ló máa wọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù òfì tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn, apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Ó ní òun kàn sọ pé aṣọ àkọ́kọ́ kò tẹ́ òun lọ́rùn, Ìyá Kámẹ́rà sì ní kò burú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń ránṣọ. Ǹ bá fọwọ́ ara mi rán ṣòkòtò yẹn.

Ọjọ́rú, 26
Àgbà pè mí lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Ismaheel ti pàdé rẹ̀, ó ní ó dun òun pé Àgbà ò jẹ́ kí n ṣe fíìmù náà. Àgbà kò bínú — ìyẹn ló dùn mí jù.
"Mujeebat, ìgbà wo lo bi mí léèrè?"
Ó ní òun ì bá sọ̀rọ̀ aṣọ, òun ì bá ní kí wọ́n bò mí dáadáa, ṣùgbọ́n òun ò ní ní kí n má lọ.
"Ṣé bí mo ṣe le tó lójú rẹ nìyẹn?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29
Àgbà ní kí n mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. A gun ọ̀kadà, eruku ọyẹ́ bò wá. Dúróríkẹ́ wà lókè àpáta, ẹ̀wù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àgbà pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ó wá rọra bi mí:
"Èwo nínú gbogbo èyí ni wọn ì bá fún ọ ṣe?"
"Gbogbo rẹ̀ ni, bàbá."