Wọ́n Ní Kí N Bá Wọn Dá Músílíù Dúró

Àlàmísì, lẹ́yìn Ìṣáì, mo ń sọ ọ́ sínú fóònù mi.

Àwọn ọ̀gá yunifásítì tí Músílíù ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Lárúbáwá níbí gbé dàbínù wá bá mi láti Mẹ́kà lónìí. "Hájà, ẹ bá wa bẹ Músílíù ọmọ yín. Kóòṣì bíi tiẹ̀ ò sí. Ẹ má jẹ́ kó lọ sí Ríyáàdì."

Ẹnu wọn gbà á! Lọ́jọ́ tó gba ife fún wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n tì í sí nínú fọ́tò. Èjìká ẹ̀ nìkan ni mo rí.

Mo ní, "Ẹ lọ bẹ àwọn tó dúró níwájú."

Bí mo bá ní kó má lọ, kò ní lọ. Bó bá sì lọ, ó máa kó àwọn ọmọ-ọmọ mi dání...

Músílíù pè: "Ìyá, kí ni kí n ṣe?"

Mo ní kó di ẹrù ẹ̀.

Lọ́la, á gbé mi lọ kí Jímọ́ọ̀ ní Mẹ́kà. Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?