Catalina Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Iná

Fabián ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé òtútù Bogotá kò tíì wọ̀ ọ́ láyà? Àwa wà láyé nípa àdúrà Màríà Mímọ́, adìẹ funfun nìkan ni kò sí mọ́, ó kú lọ́jọ́ Àìkú, a sì jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé ni mo dúró sí kí ohùn rẹ lè rí mi, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì ń gbọ́ ọ. O ní èèpo kọfí tí o kó lọ lọ́jọ́sí lẹ fi ń ṣe epo tí kì í rú èéfín níbi iṣẹ́ rẹ, mo dúpẹ́, torí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ la kàn ń dà á sí níbí. O tún ní iṣẹ́ náà kò lè yá láìsí ẹnì kan, orúkọ rẹ̀ gùn lẹ́nu rẹ, Katalisadọ̀ tàbí kí ni, mo ti gé e kúrú, Catalina ni mo ń pè é.

Fabián, ṣé òbí ọmọ náà mọ̀ pé inú iná lẹ ń fi í sí? O ní ó wọ́n, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, ọmọ gidi kì í pọ̀. Àmọ́ nígbà tí o ní bó bá ti rẹ̀ ẹ́, tí dúdú bò ó lára, ẹ óò tún sun ún kí ara rẹ̀ lè mọ́, mo jókòó sórí àpáta, mo sunkún. Doña Etelvina aládùúgbò wa ló ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn olówó ní ilé kan tí wọ́n ń lọ láàgùn sí, wọ́n tiẹ̀ ń sanwó ẹ̀.

Ohun tó mú mi ronú jù ni èyí tí o sọ kẹ́yìn, pé ohun méjì lè máa wo ara wọn níran títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní dà pọ̀, àfi bí Catalina bá bọ́ sáàárín wọn. Bí wọ́n bá sì dà pọ̀ tán, òun á yọ ara rẹ̀ kúrò jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá yín, o ní ká wó òrùlé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, èyí tí à ń tì síwá sẹ́yìn lórí kọfí tí a sá, ká fi ilé ọ̀rá tí oòrùn ń wọlé sí rọ́pò rẹ̀. Efraín ẹ̀gbọ́n rẹ bi ọ́ pé ṣé o fẹ́ sin bàbá lẹ́ẹ̀mejì ni. Látìgbà náà ẹ ò kí ara yín. Òjò ti dé báyìí, òrùlé ń jò, kọfí ti ń bu. Bí mo bá ní kí Efraín pè ọ́, á ní fóònù òun ò lẹ́nu. Bí mo bá ní kí o pè é, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Nítorí náà, mú Catalina wálé. Mo ti gbá yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná dè é, ibẹ̀ ló móoru jù. Fi owó ọ̀rá ránṣẹ́, àti ti bàtà òjò mi, ẹsẹ̀ òsì ti ya.

Má bínú pé mò ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láàárín ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ Catalina látọjọ́ yìí, dúdú ti bò mí lára.

Màríà Mímọ́ á dà yín pọ̀ lójú mi.

Màmá rẹ,
Rosalba