Obìnrin Kan ní Gbọ̀ngán

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà ní Sango, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, mo kí gbogbo ìjọ wa, láti orí wòlíì títí dé orí ẹni tó ń lu agogo.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń túfọ̀ sílípáàsì mi ẹsẹ̀ òsì fún yín, èyí tí ẹ rà fún mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀. Ó já ní Ìyànà Ìyẹsí lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. A fi wáyà dè é, a fi iná lẹ̀ ẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó fi sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún sáyé lọ, ara ìyẹn sì le. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo sin ín sí, ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá ti gbé e lọ kí n tó ṣe àmín.

Ẹ ó ní ṣé nítorí bàtà ni mo ṣe gba inú ìwé ìròyìn kọ̀wé sílé. Rárá o. Bọ̀dá Sámù ló máa ń bá mi mú lẹ́tà wá, èyí kò sì lè gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Sámù kọ́ ni orúkọ rẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀; mo yí i padà nítorí ojú ayé. Ẹ ó dá a mọ̀ tí ẹ bá kà débi bàtà, nítorí ọ̀rọ̀ bàtà kò tíì tán.

Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí Pólì tí iṣẹ́ kò sí, ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ bá a. Ẹ ní ọmọ yín ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀yin lẹ ń fọ sùtánà funfun rẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yin lẹ ń fi búlúù sí i, tirẹ̀ lẹ sì máa ń sá síbi tí oòrùn ti mú jù. Ẹ ní ibi tí onígbàgbọ́ bá wà, ilé ni. Ẹ kìlọ̀ olè fún mi, ẹ kìlọ̀ obìnrin, ẹ ní kí n ṣọ́ra fún àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa. Ẹ kò rántí kìlọ̀ onígbàgbọ́ fún mi.

Bọ̀dá Sámù gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ìrẹsì ló fi gbà mí. Bí mo ṣe jẹun tán, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà. Ó ní tí a bá dé ibi iṣẹ́, kí n má pe òun ní Bọ̀dá bíi ti ilé, Brọ́dà ni kí n máa pe òun bíi ti àwọn ẹni ìgbàlà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ pé inú ilé kan náà la ti dàgbà. Tí wọ́n bá bi mí léèrè ìjọ mi, kí n ní onígbàgbọ́ ni mí, kí n wúkọ́, kí n wá béèrè àlàáfíà ọmọ wọn. Mo wo inú ilé rẹ̀ yíká, n kò rí aṣọ funfun kan ṣoṣo. Ìrẹsì yẹn nìkan ló funfun níbẹ̀.

Ike ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe: bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì, ife. Bọ̀dá Sámù ni fọ́màànù níbẹ̀. Èmi tí mo kọ́ nípa ẹ̀rọ ní Pólì ni mò ń yọ ife gbígbóná lẹ́nu ẹ̀rọ. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni mí, irú èyí tí wọ́n lè lé lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó kí i pé ẹ káàárọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ohun tí gbogbo wa ń lé ni kí wọ́n sọ wá di sítáàfù, nítorí sítáàfù nìkan ló dá lójú pé òun yóò rí ìparí oṣù. Ẹni tí fọ́màànù bá sì jẹ́rìí sí nìkan ni ọ̀gá tó ń gbanisíṣẹ́ ń sọ di sítáàfù. Ọ̀gá yìí kan náà ló ń darí àdúrà àárọ̀ wa. Ó gbà pé àtúnbí ni sítáàfù gbọ́dọ̀ jẹ́, pé ẹ̀rọ mọ irú ọwọ́ tó kan òun. Ní tirẹ̀, ẹ̀mí omi ló ń gbé inú aṣọ funfun wa.

Mo wúkọ́ títí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé láti Ìyànà Ìyẹsí dé ìjọ wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo wọ sùtánà, mò ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ bí a ti máa ń ṣe, àfi bí mo ṣe ṣe kòńgẹ́ Ṣadé, obìnrin tó ń di ife sínú páálí níbi iṣẹ́ wa. Orí ọ̀kadà ló wà. Ó wò mí, ó tún bojú wẹ̀yìn, díẹ̀ ló kù kó já bọ́.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, mo ti di Wòlíì Ẹlẹ́sẹ̀-lásán. Ṣadé béèrè bóyá omi mímọ́ ni mo fi ń wẹ ife tí ọjà fi ń kùtà. Ẹlòmíràn yọ́ wá bá mi pé kí n bá òun ríran sí nọ́ńbà tẹ́tẹ́. Bó ṣe rí ọ̀gá lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní òun ń bá mi wí ni. Wọ́n ya ife kan sọ́tọ̀ fún mi nídìí omi, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán. Wọ́n ní kì í ṣe ìkórìíra o, ìfẹ́ Kristi ni, àwọn kò kàn mọ ẹ̀mí tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń mumi ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi ife yòókù mumi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe ọwọ́ mi yìí ló yọ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Òjò ibí kì í ṣe òjò tiwa. Ó ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń san owó àfikún fún, ẹrẹ̀ Sango á sì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn láìtọrọ. Tí mo bá délé, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ àfi Àlájà onílé mi. Ọmọ Àwórì ni, ó sì mọ̀ pé mò ń tan àbẹ́là gbàdúrà. Ohun tó bá mi sọ nípa rẹ̀ kò ju pé kí n má jẹ̀ẹ́ kó ràn mọ́ kọ́tìnì òun, àti pé tí mo bá débi ọ̀rọ̀ iná ìjọba nínú àdúrà, kí n tẹpẹlẹ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó máa ń bu àkàrà fún mi. Abọ́ tirẹ̀ gan-an ló fi ń bù ú.

Ẹ̀rọ ńlá wá dákẹ́. Irin kan ló kán nínú rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, Sáàpù kò sì jẹ́ kí apá ẹnikẹ́ni ká òkè òkun mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ran ara ni mò ń sọ. Ó kó gbogbo wa yí ẹ̀rọ ká, ó ní iná àjèjì ti wọlé, kí ẹni tó bá mọ orísun rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ń wò mí. Bọ̀dá Sámù ló bọ́ síwájú.

Màmá, ẹ wá ibi jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ó ní òun ti ń fura sí mi, pé mò ń tan àbẹ́là. Ọ̀gá bi í pé ṣé ó mọ ilé mi ni. Ó ní rárá, òun kò mọ̀ mí rí, obìnrin kan ní Gbọ̀ngán ló bẹ òun kí òun bá ọmọ rẹ̀ wáṣẹ́, àánú obìnrin náà ló ṣe òun. Obìnrin kan. Mo dúró síbẹ̀, mò ń ronú pé ta ni obìnrin yìí, kó tó yé mi pé ẹ̀yin ni. Gbogbo orúkọ tí wọ́n sọ mí, mo gbé e mì. Ife tí ọwọ́ rẹ̀ kán, mo fi mumi. Ṣùgbọ́n pé wọ́n sọ yín di obìnrin kan níṣojú mi, ẹni tí ẹ fọ aṣọ fún ló sì sọ ọ́, ìyẹn kò tíì dà nínú mi.

Ọ̀gá ní kó fi àdúrà lé iná náà jáde. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Àdúrà gbóná, ó bọ́ sí Yorùbá. Ó tún gbóná sí i. Ìgbà náà ni Bọ̀dá Sámù, pẹ̀lú ojú dídì, fi ẹsẹ̀ kan ti bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ kejì, ó bọ́ èyí tó kù, ó fi ẹsẹ̀ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó kúnlẹ̀, ó sì fi iwájú orí kanlẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ wa. Àmín bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ojú ń là lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òun náà la tirẹ̀, bàtà rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń wò.

Ṣadé ní yéè. Ọ̀gá kọjú sí mi, ó ní èmi tí mo mọ ìṣe wọn, kí ni ìtumọ̀ pé èèyàn bọ́ bàtà gbàdúrà. Bọ̀dá Sámù ń wò mí láti ilẹ̀, bó ṣe máa ń wò mí nígbà tó bá fọ́ àwo yín. Mo sọ fún ọ̀gá pé ìṣó ló yọ nínú bàtà Brọ́dà, pé láti àárọ̀ ló ti ń tiro. Kì í ṣe ìfẹ́ ló mú mi sọ ọ́. Mo rò pé ẹni tí mo bo àṣírí rẹ̀ yóò jẹ́rìí sí mi ni.

Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó tiro kọjá lára mi. Ó ń tiro títí a fi ṣíwọ́. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn sítáàfù tuntun, tèmi kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní Sáàpù ni, kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Bọ̀dá Sámù ni wọ́n rán sí mi. Ó ní kí n má jẹ́ kó dùn mí, Ọlọ́run kan náà la jọ ń sìn. Àwọn tó wà nítòsí ṣe àmín.

Nítorí náà, n kò rí nǹkan kan fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ sùtánà rẹ̀ tó fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ yín kúrò lórí okùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, ẹ ó kàn sún un síbi tí oòrùn wà ni. Ẹ má ṣe àníyàn lórí mi. Àgbà kan nínú ìjọ wa níbí ń kọ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́nà Ìgbẹ́sà, ó ní òun yóò ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Ẹsẹ̀ Bàbá yóò mókun. Ẹ ó jèrè ọmọ, èyí tí ẹ bí àti èyí tí ẹ fọ aṣọ fún. Ẹnikẹ́ni kò ní fi ọwọ́ rọ́ yín sẹ́yìn níbi tí ẹ ti ṣoore.

Èmi ni ọmọ yín, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà kan,
Jóṣúà.

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ÈNÌYÀN

Ilé iṣẹ́ ike tuntun kan ní Ìgbẹ́sà ń wá òṣìṣẹ́. Aláṣọ funfun nìkan ni a ó gbà. Kí àwọn ìjọ yòókù má wulẹ̀ da ara wọn láàmú. Kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ wá rí fọ́màànù, ìyẹn ẹni tó kọ lẹ́tà òkè yìí, tí a gbà síṣẹ́ lẹ́yìn tí lẹ́tà rẹ̀ ti dé ọ́fíìsì ìwé ìròyìn. A ti pèsè ife kan tí ọwọ́ rẹ̀ kán sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe aláṣọ funfun tí a bá ṣèèṣì gbà. Bọ̀dá Sámù náà lè wá. Kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kó sì mú ẹlẹ́rìí kan dání. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí a ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni obìnrin kan ní Gbọ̀ngán.