Kòtò Ìdí Ọsàn

Sofiyullah,

Mo ti lọ sóko n'Ífọ́n, má pè mí.

Àwọn tó fẹ́ gbẹ́ kòtò ilé ìgbẹ́ dé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní o pè láti Òṣogbo pé kí wọ́n má gbẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé ìdáná mọ́, ìdí ọsàn ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kí owó páìpù lè dín.

Ìdí ọsàn! Torí pé a ò mọ sìmẹ́ńtì lé sàréè lórí, lo ṣe gbàgbé pé ibẹ̀ la sin Ìyá Àgbà sí?

Mo tẹ́ ẹní jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Tówó páìpù ò bá tó, fi táìlì tí o fẹ́ tẹ́ sójúde sílẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Àgbà ń pọ̀n ọ́, o máa ń tọ̀ sí wọn lẹ́yìn, wọn ò bínú. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Wúlẹ̀mọ̀tù