Èéfín Tí Ẹ Rí Láàárín Ìràwọ̀

Bàbá mi, ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya lẹ́tà yìí. Mi ò lè jókòó. Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo tún padà síbi tábìlì.

Mi ò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan ní ilé-ìwé tuntun yìí ní Òdóde. Àpáta ló yí wa ká. Àfi kí ìràwọ̀ gun òkè kó tó yọ sí wa, kò rí bíi ti orí omi wa.

Lánàá, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, tíṣà wa gbé awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn jáde. Ó kọjú rẹ̀ sí abẹ́ ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Nígbà tó kàn mí, ẹnìkan pariwo lẹ́yìn mi: "Ará-omi, ṣé ẹja lò ń wá lókè ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò yíjú.

Èéfín ni mo rí, Bàbá. Ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ ṣùjọ sínú rẹ̀ bí ẹyin ẹja. Tíṣà ní inú èéfín yẹn gan-an ni wọ́n ti jáde, pé àwọn mìíràn ṣì ń jáde níbẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù lọ tán, mo gbójú sókè láìlo awò. Ó wà níbẹ̀.

Ẹ rántí alẹ́ tí ẹ na àjẹ̀ sí abẹ́ ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn nínú ọkọ̀ yín, tí ẹ ní èéfín ń rú níbẹ̀? Mi ò wò ó dáadáa tí mo fi ní èéfín ẹja tí Màámi ń yan ló ba ojú yín jẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, torí pé mo mọ̀wé. Ẹ ò wa ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ mọ́. Ẹ kó àwọ̀n fún àbúrò yín, ẹ sì ń nu ojú tí kò ṣe nǹkan kan títí ẹ fi papòdà.

Kí ló dé tí ẹ ò bá mi jiyàn? Ṣé ẹ ṣì ń rí i, tí ẹ kàn dákẹ́?

Màámi ti wó ààrò rẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé èéfín òun ló fọ́ ojú ọkọ òun. Mo ń gbọ́, mo sì ń dákẹ́.

Mò ń lọ sílé fún ìsinmi Àjíǹde. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n n ó sọ fún Màámi pé òótọ́ ni èéfín tí ẹ rí, pé èmi ni mo purọ́ mọ́ ààrò rẹ̀, kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bí kò bá bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó tọ́ sí mi.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò wò ó dáadáa.